Yíyí Oko Ká

Ní Ilé-Ifẹ̀, bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá fẹ̀yìntì, àwọn ará ìlú ti mọ ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá bá àwọn olóṣèlú lọ sí Òṣogbo tàbí Àbújá, yóò lọ gba iṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì aládàáni tó ń hù káàkiri. Bí kò bá ṣe ti àkọ́kọ́, tí kò sì ṣe ti èkejì, wọ́n á ní ó ti gbájú mọ́ Ọlọ́run, wọ́n á sì fi àánú díẹ̀ sọ ọ́, àfi bí ẹni pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni à ń yà sí nígbà tí kò bá sí ibòmíràn láti lọ mọ́. Ohun tí wọ́n sọ nípa ẹ̀gbọ́n bàbá mi gan-an nìyẹn nígbà tí wọ́n fẹ̀yìntì ní 2003, lẹ́ni ọdún 65: ọ̀jọ̀gbọ́n ti di èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó àti ọmọ-ọmọ nìkan ló kù tó ń wò. Èmi tí mo dàgbà lábẹ́ òrùlé wọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, wọn kò fi nǹkan kan sílẹ̀, wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń ṣe bọ̀. Ti kòkó ni yunifásítì sanwó rẹ̀ fún wọn. Ìyókù, wọ́n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá Ifẹ̀ ni gbogbo àwa ọmọ àbúrò ń pè wọ́n, Màmá Ifẹ̀ sì ni ìyàwó wọn. Bàbá mi ló fà mí lé wọn lọ́wọ́ nígbà tí mo fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, bí a ti máa ń fa ọmọ léni lọ́wọ́ nígbà náà, láìsí ìwé, láìsí àdéhùn owó. Inú ọgbà yunifásítì ni wọ́n ń gbé, nínú ilé òṣìṣẹ́ kan tó ní igi ọsàn níwájú. Onímọ̀ nípa àrùn ohun ọ̀gbìn ni Bàbá Ifẹ̀. Bàbá wọn, tí í ṣe bàbá àgbà tèmi, dá oko kòkó lẹ́bàá Oǹdó. Owó oko náà ló rán wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, owó kòkó ló sì tún gbé wọn dé Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn, nítorí èrè orí kòkó wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ń ran àwọn ọmọ tó mọ̀wé lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ìwé-ẹ̀rí Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n gbà jáde ní 1961, torí ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ìbàdàn tó di yunifásítì tó dá dúró. Wọ́n lọ gboyè ọ̀mọ̀wé lókè òkun, wọ́n sì padà dé ní 1968. Yunifásítì Ifẹ̀ ti kó kúrò ní Ìbàdàn wá sórí ilẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, àwọn ilé ńláńlá tí Arieh Sharon ya àwòrán wọn sì ń gòkè láàárín igbó.

Àrùn kan ni wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn lé kiri, èyí tó ń sọ èso kòkó di dúdú. Kò sí àgbẹ̀ kòkó tí kò mọ̀ ọ́n. Bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra láti oṣù Keje wọ Kẹsàn-án, àmì kékeré kan á yọ lára èso, á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, èso náà lè ti dúdú tán, kóró inú rẹ̀ á sì bàjẹ́. Omi òjò tó ń ta sókè láti ilẹ̀, tó sì ń kán láti ara èso aláìsàn, ló ń gbé e kiri. Oògùn kọ́pà wà fún un, ṣùgbọ́n òjò a máa fọ̀ ọ́ dànù, nítorí náà àgbẹ̀ ní láti máa tún un fún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, kó sì máa já àwọn èso tó ti ràn kúrò lórí igi kí wọ́n má baà kó bá àwọn yòókù. Ohun tí Bàbá Ifẹ̀ máa ń sọ fún àwọn àgbẹ̀ ni pé oògùn kọ́ ló ń gba oko là, yíyí oko ká ni. Ẹni tó bá fún oògùn lẹ́ẹ̀kan, tó wá lọ sílé lọ fọkàn balẹ̀, àdánù rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti ẹni tí kò fún un rárá.

Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, wọ́n máa ń mú mi lọ sí oko ìwádìí. Mo rò pé n óò rí ohun ìyanu. Kíkà la lọ kà: èso mélòó ló wà lórí igi, mélòó ló ní àmì, mélòó ló ti kú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, igi kan náà ni, nọ́ńbà kan náà lára rẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan ìdí tí a fi ń ka ohun tí a ti kà. Wọn kò gbójú sókè kúrò lára ìwé ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, “A ò tíì kà á. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá la kà.”

Ohun kan tún wà nípa kòkó tí n kò lè fò, nítorí òun ló jẹ́ kí n lóye ohun tí mo rí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí Bàbá Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Phytophthora palmivora ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó ń fa àrùn náà níbi gbogbo. Ní 1979, Brasier àti Griffin tẹ iṣẹ́ kan jáde tó ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Phytophthora megakarya. Òun gan-an ló sì ń ṣọṣẹ́ jù ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Ẹni tó ti ń kọ orúkọ kan sílẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá lè bínú, ó sì lè sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Màmá Ifẹ̀ ló sọ fún mi pé ṣe ni ọkọ wọn kó gbogbo ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ jáde sórí tábìlì ìjẹun, tí àwọn kò sì rí ibi jẹun fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí Màmá Ifẹ̀ bi wọ́n bóyá iṣẹ́ ọdún wọ̀nyí ti ṣòfò, wọ́n ní, “Ìyá Ìbejì, ohun tí mo rí, mo rí i. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mi ò mọ̀.” Iye èso tó kú, iye òjò tó rọ̀, ọjọ́ tí àmì yọ: èyí kò yí padà. Àlàyé ló yí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe oko náà ni wọ́n ń ṣe ilé. Agogo márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ni àdúrà ìdílé, ì báà jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ì báà jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. A ó kọ orin kan, a ó ka Sáàmù ọjọ́ náà. Ìwé Àdúrà ìjọ Áńgílíkà pín Sáàmù 150 náà sí ọjọ́ 30, ti òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́. Bí oṣù bá parí, a tún bẹ̀rẹ̀ láti orí kìn-ín-ní. Ó sú mi nígbà èwe mi, n kò ní parọ́. Àwọn Sáàmù tí ẹni tó kọ wọ́n ti ń gégùn-ún fún ọ̀tá rẹ̀ wà nínú wọn, mo sì rántí bí Màmá Ifẹ̀ ṣe máa ń sáré ka ìlà tó bá kàn wọ́n níbẹ̀ kọjá. Bàbá Ifẹ̀ kì í fo ọ̀kankan, wọn kì í sì í sáré.

Lẹ́yìn Sáàmù ni àdúrà kàn, níbi tí ilé náà ti yàtọ̀ sí ilé onígbàgbọ́ yòókù tí mo mọ̀. Wọn kì í gbàdúrà fún ẹbí lápapọ̀. Ìwé kan wà, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń lò, tí wọ́n fi rúlà fà sí òpó mẹ́rin. Òpó kìn-ín-ní ni orúkọ, èkejì ni ọjọ́, ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀: ẹni tó ń wáṣẹ́, ẹni tí oyún kì í dúró sí lára, ẹni tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbé dé kóòtù, ọmọ tí kò mọ ìṣirò. Àkọlé tí wọ́n kọ sórí òpó kẹrin ni “Ohun Tí Mo Rí.” Òpó yìí a máa ṣófo fún oṣù, nígbà mìíràn fún ọdún, òfìfo rẹ̀ ni kì í sì í jẹ́ kí wọ́n jókòó. Bí ọjọ́ Sátidé bá mọ́, wọ́n á gbé Pijó wọn, wọ́n á gba Oǹdó lọ kí ìyá wọn, wọ́n á yà sọ́dọ̀ àbúrò wọn obìnrin tó kọ ọkọ sílẹ̀ ní Iléṣà, wọ́n á dé ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kan, wọ́n á wo ìwé rẹ̀. Wọn kì í rán ẹlòmíràn lọ béèrè. Bí wọ́n bá padà dé lálẹ́, wọ́n á ṣí ìwé náà, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí, kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i níbẹ̀ pé: “Kò tíì jáwọ́ nínú ọtí. Ó sanra díẹ̀.”

Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, owó oṣù olùkọ́ yunifásítì sì di ohun tí kì í tó ra táyà ọkọ̀. Àwọn kan nínú àwọn akẹgbẹ́ wọn ń fi ọkọ̀ wọn ṣe kábúkábú lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn mìíràn lọ sí Amẹ́ríkà, sí Sáúdí, sí Botswana. Ipò kan ṣí sílẹ̀ fún Bàbá Ifẹ̀ náà lókè òkun, wọn kò lọ. Ìdí tí wọ́n sọ kò ju pé ìyá wọn ti darúgbó àti pé ìwé náà ti gùn. Màmá Ifẹ̀ ló gbé ilé ró ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn: wọ́n ń sin adìyẹ lẹ́yìn ilé, wọ́n ń ta ẹyin fún àwọn aládùúgbò, wọ́n sì tún ń lọ sí ibi iṣẹ́ olùkọ́ wọn láàárọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń yin ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò sá kúrò nílé, kó rántí kí obìnrin tó ń kó ẹyin náà kún un.

Ó sì ní ẹni tó san lára owó ọ̀hún láìjẹ́ pé wọ́n bi í. Ọmọ wọn obìnrin, ọ̀kan nínú ìbejì, tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà báyìí, fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin nígbà kan, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tó nílò owó púpọ̀. Owó kò sí, nítorí ọmọ ẹbí mẹ́fà ló ń jẹ nínú owó oṣù kan náà nígbà yẹn. Èmi wà lára wọn. Ó sọ ọ́ fún mi lórí fóònù lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, kò sì fi ìbínú sọ ọ́: “Dádì mọ orúkọ gbogbo èèyàn níwájú Ọlọ́run. Nígbà mìíràn, ó máa ń wù mí kó jẹ́ orúkọ tèmi nìkan ni wọ́n mọ̀.” N kò ní èsì, n kò sì wá èsì. Ìfẹ́ tó bá fẹ̀ tó báyẹn, àwọn tó súnmọ́ ọn jù ni òjìji rẹ̀ ń bò. Mo jẹ àǹfààní rẹ̀. Kò tọ́ kí n máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó san án.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sábà bi Bàbá Ifẹ̀ bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe lè máa wọ aṣọ funfun ka Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi, torí léérídà ni wọ́n, ọ̀kan nínú àwọn tí ìjọ fún láṣẹ láti máa darí ìsìn láìjẹ́ àlùfáà. Ìbéèrè náà kò ká wọn lára. Ajayi Crowther ni wọ́n máa ń tọ́ka sí: ọkùnrin tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tó ń ṣa ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, tó ń wádìí rẹ̀ wò, tó tún ṣe atọ́nà ìtumọ̀ Bíbélì títí odindi rẹ̀ fi jáde ní 1884. Ṣé ẹni bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ìwádìí parí sí, kí ìgbàgbọ́ tó bẹ̀rẹ̀? Ìwé J. F. Adé Àjàyí lórí àwọn míṣọ́n, tó jáde ní 1965, wà ní ìtòsí Bíbélì lórí pẹpẹ ìwé wọn, wọ́n sì máa ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lọ kà á. Mi ò rò pé ọ̀pọ̀ dá a padà.

Ohun tó dán ìgbàgbọ́ wọn wò kò ti inú ìwé wá. Ní 2009, Màmá Ifẹ̀ ń múra ìpàdé àwọn ìyá ìjọ nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá wọn wólẹ̀. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣe é gbé mọ́. Ọ̀rọ̀ di ohun tí wọ́n ń fà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà mìíràn tí wọ́n fẹ́ sọ “omi” tó jẹ́ pé “aṣọ” ló ń jáde. Wọ́n ti kó kúrò nínú ọgbà yunifásítì nígbà náà, wọ́n ti ń gbé ilé tiwọn ní Parakin. Bàbá Ifẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 71. Títí di ọjọ́ yẹn, n kò rí i kí wọ́n dá iná rí.

Ìwé tuntun wọlé: ọjọ́, ìfúnpá òwúrọ̀, ìfúnpá ìrọ̀lẹ́, oògùn, oúnjẹ, oorun, ọ̀rọ̀ tí Màmá Ifẹ̀ sọ lọ́jọ́ náà. Dókítà ní kí iyọ̀ dínkù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lóòjọ́. Ẹlòmíràn á ní òun ti gbọ́, á máa fi ìka méjì bu iyọ̀. Bàbá Ifẹ̀ lọ ra òṣùwọ̀n kékeré, wọ́n ń wọn ìpín ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ sínú àwo kan, bí ó bá tán, ó tán. Ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sè kò ṣe é jẹ. Màmá Ifẹ̀, tí kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀, di ẹnu wọn pinpin. Ọkọ wọn kọ ọ́ sílẹ̀: “Ó kọ ọbẹ̀.” Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi efinrin kún un, ó tún já sí ìkọ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i pé ẹja yíyan àti ata tó pọ̀ díẹ̀ lè gba ipò iyọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n wò nígbà yẹn, mo sì bá wọn nínú ilé ìdáná, awò ojú lórí imú, tí wọ́n ń ro àmàlà tí wọ́n sì ń bá a jiyàn.

Wíwẹ̀ ìyàwó wọn ló mú ẹbí sọ̀rọ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan ń wá lọ́sàn-án láti fọ aṣọ àti láti tún ilé ṣe, ṣùgbọ́n Bàbá Ifẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n ń wẹ Màmá Ifẹ̀. Àwọn obìnrin ilé kan wá, wọ́n ní kò yẹ kí ọkùnrin, ọ̀jọ̀gbọ́n, àgbà ìjọ, máa gbé omi lọ sí balùwẹ̀ fún obìnrin. Bàbá Ifẹ̀ dá wọn lóhùn pé ara ẹni tí àwọn mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni, kì í ṣe ara àlejò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn èyí ni àbúrò wọn kan àti ìyàwó rẹ̀ mú wòlíì kan wá láti orí òkè àdúrà. Wòlíì náà rìn yí ilé ká, ó padà wá jókòó, ó ní àìsàn náà kì í ṣe ojú lásán, pé ọwọ́ ẹnì kan nínú ẹbí wà níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ kan sì wà tí a kò jẹ́wọ́. Kí wọ́n gbé Màmá wá sórí òkè fún ọjọ́ 21. Mo wà nínú yàrá náà. Bàbá Ifẹ̀ tẹ́tí sí i dé òpin, wọn kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bi í, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi ń bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè: “Ẹ ti rí irú èyí rí, Wòlíì? Ẹni mélòó ni wọ́n gbé wá, mélòó ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀, mélòó ni kò rìn?” Wòlíì ní a kì í ka iṣẹ́ Olúwa. Bàbá Ifẹ̀ mi orí. “Mo gbà. Tí a ò bá gbọdọ̀ ka èyíinì, kí ẹnikẹ́ni má ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹbí mi lọ́rùn.” Wọ́n wá ní kí ó bá àwọn gbàdúrà, wọ́n kúnlẹ̀, ó gbà á, ó gbóná, ó pẹ́, wọ́n ṣe àmín. Wọ́n di iṣu mẹ́ta fún un nígbà tó ń lọ. Àbúrò wọn kò yọjú sílé náà fún ìgbà pípẹ́.

Ohun tó ya mí lẹ́nu jù lọ nínú àwọn ọdún náà ni pé ìwé méjèèjì kò pàdé. Ìwé àdúrà ń lọ lọ́tọ̀, ìwé ìfúnpá ń lọ lọ́tọ̀. Bí ìfúnpá Màmá bá wálẹ̀, kì í di ẹ̀rí lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí ó bá gòkè, kì í di ìjà láàárín wọn àti Ọlọ́run. Ìjọ wa fẹ́ràn ẹ̀rí. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ á jáde síwájú, á gba gbohùngbohùn, á ní bí ó ti rí ṣáájú àti bí ó ti rí lẹ́yìn. Bàbá Ifẹ̀ kì í lọ. Ìgbà kan tí nǹkan dára fún bí oṣù mẹ́ta, tí Màmá fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo bi wọ́n pé ṣé kì í ṣe ìdáhùn àdúrà nìyí, kí ló dé tí wọn kò sọ ọ́. Wọ́n ní, “Oògùn wà níbẹ̀. Iyọ̀ wà níbẹ̀, oorun wà níbẹ̀, ẹni tó ń na iṣan rẹ̀ wà níbẹ̀, àdúrà wà níbẹ̀. Èwo ni kí n yọ kúrò kí n lè mọ èyí tó ṣe é? Ṣé kí n wá ìyàwó mìíràn tí mi ò ní gbàdúrà fún?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Mi ò ní yọ èyíkéyìí.”

Mo ti ro ìdáhùn yẹn yíká. Ọ̀pọ̀ èèyàn, àti onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́, ló gbà pé àlàyé ni ìgbàgbọ́ jẹ́: ó ń sọ ìdí tí nǹkan fi rí bí ó ti rí, bí àlàyé náà bá sì kùnà, ìgbàgbọ́ ti kùnà. Lọ́dọ̀ Bàbá Ifẹ̀, àlàyé ni nǹkan tó kéré jù níbẹ̀. Palmivora lè di megakarya lọ́la. Ohun tí wọ́n kà sí ojúṣe wọn sí Ọlọ́run àti sí ìyàwó wọn ni kí wọ́n wà níbẹ̀, kí wọ́n wò ó dáadáa, kí wọ́n tún wò ó lọ́la. N kò sọ pé èyí tẹ́ mi lọ́rùn nígbà gbogbo. Àwọn òru kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n bínú, tàbí kí wọ́n sọ fún mi pé ó nídìí. Èèyàn lè nílò àlàyé kí ó tó lè sùn, kí ó sì má jẹ́ òmùgọ̀.

Ti owó ìfẹ̀yìntì kò yẹ kó gbà mí láyè púpọ̀. Wọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún kan ṣáájú òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2004, òfin 2012 tó sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sí 70 kò sì bá wọn lẹ́nu iṣẹ́. Owó náà kéré, a máa pẹ́, àti láti ìgbà dé ìgbà wọ́n ní láti lọ fi ojú ara wọn han àwọn òṣìṣẹ́ kan láti fi hàn pé wọn kò tíì kú. Wọ́n á mú ìwé kan dání láti máa kà lórí ìlà. Bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún ìjọba, wọ́n á bi í lórúkọ àti ìlú rẹ̀, orúkọ náà á sì wọ inú ìwé àdúrà.

Màmá Ifẹ̀ kú ní oṣù Keje 2016. Nínú ìwé ìfúnpá, ìlà ọjọ́ náà ní òǹkà òwúrọ̀. Àyè ìrọ̀lẹ́ ṣófo, wọn kò fa igi lé e, wọn kò sì kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Níbi ìsìnkú, Bàbá Ifẹ̀ ló ka ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní, ohùn wọn kò yẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin, tó ti Amẹ́ríkà dé, dì mí lọ́wọ́ mú títí wọ́n fi kà á tán. Òun ló jókòó ka ìwé ìfúnpá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìsìnkú. Ó ní nínú gbogbo ọdún tí òun ti fi ṣe nọ́ọ̀sì, òun kò tíì rí ìwé aláìsàn tí wọ́n kọ dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ sí bàbá rẹ̀ létí. Wọ́n ní, “Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo gbàgbé.”

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà tó da àwọn ará ìjọ láàmú. Wọ́n rí i pé Bàbá Ifẹ̀ ṣì ń dárúkọ ìyàwó wọn nínú àdúrà òwúrọ̀. Léérídà ẹgbẹ́ wọn kan wá bá wọn sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: ìjọ wa kì í gbàdúrà fún òkú, òun tí í ṣe àgbà kò gbọdọ̀ ṣi àwọn ọ̀dọ́ lọ́nà. Wọ́n ní àwọn kò bẹ̀bẹ̀ ohunkóhun fún un, wọ́n ní orúkọ ni àwọn ń dá. Arákùnrin náà ní kí ni ìyàtọ̀. Wọ́n ní kí ó wo òpó kẹta, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán láàárín àwọn méjèèjì. Wọ́n ṣì ń jókòó sórí àga kan náà.

Ní báyìí, àwa ọmọ ń jà lórí àwọn ìwé wọ̀nyí. Ti kòkó kò ní wàhálà: iye èso àti iye òjò ọ̀pọ̀ ọdún láti oko kan náà, ibi ìkówèésí yunifásítì ni ó yẹ kó lọ. Ti ìfúnpá, ọmọ wọn obìnrin ti mú un lọ. Ti àdúrà ló kù. Ìkejì rẹ̀, ọkùnrin inú ìbejì, fẹ́ kí a ya àwòrán gbogbo ojú ewé rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí gbogbo ẹbí lè kà á. Èmi ní rárá. Ohun tó wà nínú òpó kẹta ti ìwé wọ̀nyẹn lè tú ilé ká: ẹni tí ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀, ẹni tó jí owó ẹgbẹ́ kó, ẹni tó fẹ́ gbẹ̀mí ara rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo, torí pé ẹni náà kì í sọ̀rọ̀. Ìtàn ẹbí dára, ṣùgbọ́n àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà ṣì wà láàyè.

A gbé ẹjọ́ náà lọ bá Bàbá Ifẹ̀ ní Àjíǹde tó kọjá. Wọ́n gbọ́ tẹnu èmi àti ọmọ wọn, wọ́n ní àwọn kò tíì kọ ọ́ tán, ẹ̀yìn ìgbà náà ni a ó mọ ohun tí a ó fi ṣe. Wọ́n wá fa ìwé náà súnmọ́ ara wọn, wọ́n ṣí i, wọ́n wá orúkọ mi rí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí mo gbé wá lọ́dún méjì sẹ́yìn, kí ló dé tí òpó rẹ̀ ṣófo. Mo ní kò tíì parí, lọ́yà ṣì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ oṣù tí àwọn ó tún bi mí. Mo ní oṣù Kẹwàá. Wọ́n ní ó pẹ́ jù, kí n jẹ́ kó jẹ́ oṣù Kẹjọ.